Wọ́n rí pólípù ńlá nínú ìfun mi, wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́ láìla ikùn: ẹ bá mi dá sí i

Àkànbí
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ti là á kọjá bá mi sọ ọ́. Wọ́n ṣe colonoscopy fún mi, ìyẹn ni pé wọ́n ti ẹ̀rọ gígùn tó ní kámẹ́rà gba ìdí wọ inú ìfun, torí pé mo ti dàgbà dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìfun ńlá wò. Kò síbi tó ń dùn mí, mi ò sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rí. Wọ́n rí pólípù mẹ́ta, ẹran tó hù lára awọ inú ìfun. Méjì kéré, wọ́n yọ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ló tóbi. Dókítà ní ó tó mìlímítà 25, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sára ìfun lápá ọ̀tún. Ó yà á ní fọ́tò, kò fọwọ́ kàn án, ó ní kí n padà wá kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ jù bá mi yọ ọ́.

Ṣé ó ti di jẹjẹrẹ ni? Bí kò bá tíì dì í, kí ló dé tí a ò fi í sílẹ̀ ká máa wò ó? Ṣé yóò dùn mí? Kí ló yẹ kí n ṣe kí n tó lọ? Ẹ̀rù ń ba ìyàwó mi ju èmi gan-an lọ.

Ìyá Ìbejì
Bọ̀dá Àkànbí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irú tiyín gan-an ni wọ́n yọ fún mi, èyí tó tẹ́ sára ìfun, tí kò ní igi tó gbé e dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ohun tí mò ń rò lọ́kàn kí n tó wọlé burú ju ohun tí mo bá níbẹ̀ lọ.

Wọn ò kùn mí lóorun pátápátá. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ kí ara mi wálẹ̀, mò ń tòògbé, mò ń jí, mo sì ń rí ojú tẹlifíṣọ̀n tí dókítà ń wò. Inú ìfun pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Pólípù náà ò dẹ́rù bani rárá, awọ ibẹ̀ kàn wú díẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì jọ̀lọ̀ bíi ti yòókù. Wọ́n ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà, wọ́n fún omi aláwọ̀ búlúù sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè, búlúù yẹn sì ń hàn lábẹ́ awọ. Wọ́n wá na wáyà kan jáde tí wọ́n ta lójóbó, wọ́n fi kó o, wọ́n fà á pọ̀, ó já. Wọ́n tún gbé èyí tó kàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ibẹ̀ fi mọ́. Kò dùn mí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí ìfun kó lè ṣí ló mú inú mi le díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí dókítà bá ń darí ẹ̀rọ, èmi ni mo máa ń fa wáyà ojóbó tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn pọ̀. Òótọ́ ló sọ: awọ inú ìfun kì í mọ̀ pé wọ́n ń gé òun. Ìgbà tí ìfun bá fẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fà á ló máa ń dunni. Ẹ bi wọ́n bóyá afẹ́fẹ́ CO2 ni wọ́n ń lò, torí ara tètè ń fà á mu, inú kì í sì í wú pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, Bọ̀dá Àkànbí, pólípù kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran tó hù lára awọ inú ìfun ni. Òmíràn ní igi bí olú, òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tiyín. Oríṣi wọn sì wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní hyperplastic, tó bá kéré tó sì wà nísàlẹ̀ ìfun, kì í sábà fa wàhálà. Àwọn tí à ń ṣọ́ ni adenoma àti sessile serrated lesion, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ adenoma ni kò ní di jẹjẹrẹ láéláé. Èyí tó bá máa dì í, ó sábà máa ń gbà á tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkókò gígùn yẹn ló jẹ́ ká lè bá a lójú ọ̀nà. Bó bá ṣe ń tóbi sí i ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i: èyí tí kò tó mìlímítà 5, ó ṣọ̀wọ́n gan-an ká bá jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti kọjá 20, a kì í fi í sílẹ̀ láti máa wò ó.

Hiromi Shinya àti William Wolff ló kọ́kọ́ gbé wáyà ojóbó gba inú colonoscope yọ pólípù, ní New York lọ́dún 1969. Kó tó dìgbà yẹn, bí pólípù bá wà lókè ìfun, ikùn ni wọ́n máa ń là. Nígbà tó di 1993, èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní National Polyp Study jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n ti yọ adenoma wọn, iye tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá mú nínú wọn fi ìdá 76 sí 90 nínú 100 dín sí iye tí wọ́n retí. Ní 2012 wọ́n tún wo bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: iye tí jẹjẹrẹ náà pa fi ìdá 53 nínú 100 dín sí iye tó yẹ kó pa nínú irú wọn láàárín ìlú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ìyàwó yín pé kí ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ ò lọ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹ fẹ́ lọ dí ọ̀nà mọ́ ọn ni.

Àlàmú
Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣì là mí lóye. Ẹ̀yin náà sọ pé ọ̀pọ̀ wọn ò ní di jẹjẹrẹ. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń yọ gbogbo rẹ̀? Ṣé wọn ò lè bu díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ná ni? Àbí kò sí oògùn téèyàn lè lò kó yọ́ dànù?

Oníṣẹ́ Lábù
Àlàmú, ìbéèrè gidi lẹ bi. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán wo adenoma kan kó ní èyí máa dì í, tọ̀hún ò ní dì í. Bí wọ́n bá sì bu díẹ̀ lára rẹ̀ wá fún wa, ibi tí wọ́n bù nìkan la lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti rí i tí ẹ̀gbẹ́ kan pólípù mọ́ tónítóní tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ti ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀ wá, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó láti etí dé etí, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wa tó ṣe é gbára lé. Yíyọ rẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò, òun náà sì ni ìtọ́jú.

Ohun mìíràn wà nínú bíbù lára èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú ibi tí wọ́n bù máa ń dápàá, àpá yẹn á sì so pólípù mọ́ ẹran tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá wá fún omi sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yíyọ, kò ní ga sókè dáadáa mọ́. Dókítà Bọ̀dá Àkànbí tó ya fọ́tò tí kò fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ọlọgbọ́n ló ṣe.

Ní ti oògùn, kò sí èyí tó ń yọ́ adenoma dànù tí dókítà lè fi ọkàn tán. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ti dán wò tó lè mú kí pólípù dín kù lára àwọn tó jogún àrùn pólípù, síbẹ̀ wọn ò fi rọ́pò yíyọ.

Ẹ wo ti àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà méjì kan. Ní November 2021, wọ́n rí pólípù mìlímítà 3 nínú ìfun Joe Biden, wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 25 péré ni igbákejì rẹ̀ fi di àṣẹ mú fún un nígbà tí wọ́n kùn ún lóorun. Lábù ní tubular adenoma ni, oríṣi adenoma tí ewu rẹ̀ kéré jù, kò sì sí nǹkan mìíràn tí wọ́n tún ṣe sí i. Ní July 1985, ti Ronald Reagan ti dàgbà kí wọ́n tó bá a. Villous adenoma ńlá, oríṣi tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù, ló wà níbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n gé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì nínú ìfun rẹ̀, lábù sì rí jẹjẹrẹ nínú pólípù náà. Jẹjẹrẹ yẹn kọ́ ló padà pa á, ó wà láyé di 2004. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun tí ojú àwọn méjèèjì rí ṣe jìnnà síra.

Àdùnní
Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ohun tó wà lọ́wọ́ yín jù nínú gbogbo rẹ̀ ni fífọ inú. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí ìfun ò bá mọ́, dókítà ò ní rí etí pólípù náà, ó sì lè ní kí ẹ máa lọ ilé kí ẹ tún padà wá, kí ẹ tún ìyà yẹn jẹ látòkèdélẹ̀.

Bó bá ti ku ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi oúnjẹ tó ní hóró, èso tó ní èèpo àti ẹ̀fọ́ tó ní okùn sílẹ̀. Bó bá ku ọ̀la, ẹ máa tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n fún yín. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ mu kìkì ohun tó mọ́ gaara: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́. Kí ẹ má mu ohunkóhun tó pupa tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò, torí lójú kámẹ́rà ó máa ń jọ ẹ̀jẹ̀.

Oògùn tó ń fọ inú, ẹ má gbà kí ó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú nìkan ni ẹ mu gbogbo rẹ̀ tán. Pínpín ló dára jù: ìdajì lálẹ́, ìdajì tó kù láàárín wákàtí 4 sí 6 ṣáájú àkókò tí wọ́n dá fún yín, kí ẹ sì ti mu ún tán ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú. Bí wọ́n bá dá àárọ̀ kùtù fún yín, ẹ óò jí lóru mu ún ni. Ó nira, mo mọ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún tí tiyín wà yẹn gan-an ni ìdajì kejì máa ń fọ̀ dáadáa. Ẹ gbé e sínú fìríìjì kó tutù, ẹ fi sítírọ́ọ̀ fà á mu, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi ìpara pa ìdí yín látìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà máa ta yín.

Bí ohun tó ń jáde bá ti di omi yẹ́lò tó mọ́ débi pé ẹ ń rí ìsàlẹ̀ àwo ṣáláńgá kedere, ó ti mọ́ nìyẹn. Bó bá ṣì ń dúdú tàbí tó ń ki, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú, kó dá a dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó máa ń mú ìgbẹ́ dúdú, kì í sì í jẹ́ kó fọ̀ dáadáa.

Àkànbí
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkàn ìyàwó mi ti ń balẹ̀ díẹ̀. Nǹkan kan ni mi ò sọ: wọ́n fi stent, ọ̀pá tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí iṣan ṣí, sí iṣan ọkàn mi rí, mò ń lo clopidogrel àti aspirin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, mo sì ń lo insulin fún àtọ̀gbẹ. Ṣé kí n ti dá clopidogrel yẹn dúró láti ìsinsìnyí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Bọ̀dá, ẹ má dá a dúró fúnra yín! Mo bẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà níbi tí a ti yọ pólípù, a lè fi kílíìpù tàbí iná pa á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì mọ́ inú stent, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Dókítà ọkàn yín àti dókítà tó máa yọ pólípù gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ẹ óò dá a dúró àti ọjọ́ tí ẹ óò tún bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé fún yín. Bí stent náà bá ti pẹ́, wọ́n sábà máa ń ní kí a dá clopidogrel dúró ní ọjọ́ 5 sí 7 ṣáájú, kí aspirin máa bá a lọ. Bí kò bá tíì pẹ́, wọ́n lè sún ọjọ́ yíyọ síwájú. Oṣù mélòó kan ò ní sọ pólípù di nǹkan mìíràn.

Insulin náà, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni kí ẹ gún lọ́jọ́ tí ẹ ò jẹun, torí bí ẹ bá gún iye tí ẹ ń gún tẹ́lẹ̀, ṣúgà yín lè já wálẹ̀. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan fítámì àti egbòogi, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ mú ìwé náà dání.

Ẹ tún bi dókítà tó máa yọ ọ́ pé: irú èyí mélòó ni wọ́n ń yọ lọ́dún? Ṣé wọ́n ń jó etí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́? Bí kò bá ṣe é yọ, kí ló kàn? Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ti jíjó etí yẹn ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá yọ pólípù ńlá ní ègé ègé, ó máa ń hù padà létí ibẹ̀ fún nǹkan bí èèyàn 15 sí 20 nínú 100, bí wọ́n bá sì fi ẹnu wáyà jó etí rẹ̀ yíká, iye yẹn máa ń dín kù gan-an.

Àjàní
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe ìfun ńlá nìkan o. Ti bàbá mi, inú àpòlúkù ló wà. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà yọ tiwọn, ESD ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Japan ló mú un jáde láàárín ọdún 1990 sí 2000, nítorí jẹjẹrẹ àpòlúkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Dípò wáyà ojóbó, ọ̀bẹ kékeré kan ni wọ́n fi ń gé yíká pólípù, tí wọ́n á sì máa bó o kúrò lábẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jáde lódidi. Ó máa ń pẹ́ ju ti ojóbó lọ, ìfun sì lè tètè lu. Àǹfààní rẹ̀ ni pé lábù á rí gbogbo etí rẹ̀, wọ́n á sì lè sọ bóyá ó kù tàbí kò kù.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ti bàbá, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fún kòkòrò Helicobacter pylori, wọ́n bá a, wọ́n fún wọn ní oògùn tó pa á. Ẹni tó bá ní irú èyí nínú àpòlúkù, kó béèrè àyẹ̀wò yẹn, torí pípa kòkòrò náà máa ń dín ewu òmíràn kù. Ọ̀nà ọ̀fun náà ní tirẹ̀: ẹni tí omi kíkan ti ń ru sókè sí láyà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní Barrett's oesophagus, tí awọ ibẹ̀ ti yí padà. Bí wọ́n bá rí ibi tó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n lè gé e, kí wọ́n sì fi iná ẹ̀rọ jó ìyókù.

Pólípù àpòlúkù kan sì wà, fundic gland polyp, tó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, tipẹ́. Ìyẹn kì í sábà di nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín kí ẹ tó mọ irú èyí tó jẹ́.

Ìyá Ìbejì
Kí Bọ̀dá Àkànbí tó lọ, mo fẹ́ sọ ohun tó yẹ kí wọ́n tẹnu mọ́ fún mi níbi tí mo ti ṣe tèmi, tó jẹ́ pé wọ́n kàn fi ìwé lé mi lọ́wọ́ ni. Ara mi dá ṣáṣá lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dédé fẹ́ yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí, ó pọ̀, ó ní ìdìpọ̀ nínú. Ọkọ mi gbé mi lọ kíá, wọ́n tún wọ inú lọ, wọ́n fi kílíìpù dè é, ó dá. Bí pólípù bá tóbi, ẹ̀jẹ̀ lè dà títí di ọjọ́ 14. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi sọ pé nínú 100 èèyàn tí tiwọn ju mìlímítà 20 lọ, nǹkan bí 6 tàbí 7 ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ má rìnrìn àjò lọ síbi tí kò sí ilé ìwòsàn nítòsí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ẹ má gbé ẹrù wúwo. Ẹ má lo ibuprofen tàbí irú rẹ̀ láìbéèrè. Ẹ̀jẹ̀ ṣín-ń-ṣín lára bébà kì í ṣe nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, òòyì, ikùn tó le gbagidi tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ibà, èébì: bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró di ọ̀la. Ikùn tó le pẹ̀lú ibà lè jẹ́ pé ìfun ti lu, wákàtí níye lórí lọ́rọ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Kí Bọ̀dá náà mọ̀ pé ẹni tó ń lo clopidogrel ní láti ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ lẹ́yìn tó bá padà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Àkànbí
Ẹ̀yin ará, wọ́n ti yọ ọ́ o! Gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ gan-an ló rí. Ègé ègé ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n jó etí rẹ̀, wọ́n fi kílíìpù mẹ́rin pa ojú ibẹ̀ dé, wọ́n sì fi tádáwà sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dókítà ọkàn ló sọ ìgbà tí n óò padà sórí clopidogrel. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò dà. Èsì lábù jáde lónìí: "tubulovillous adenoma, low-grade dysplasia". Nísàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ò lè sọ̀rọ̀ nípa etí rẹ̀ torí pé ègé ègé ló wá. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ló ń dà mí láàmú.

Oníṣẹ́ Lábù
A bá yín yọ̀. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe ìròyìn burúkú. Bí ẹran bá dé ọ̀dọ̀ wa ní ègé márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ò lè mọ èyí tó jẹ́ etí àti èyí tó jẹ́ àárín, òótọ́ ni a máa ń kọ síbẹ̀. Ìyókù nínú èsì náà dára. Adenoma ni. "Tubulovillous" ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ewu rẹ̀ ju ti tubular lásán lọ díẹ̀, kò sì tó ti villous. "Low-grade dysplasia" ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jìnnà. High-grade ló sún mọ́ jẹjẹrẹ. Ká ní a rí jẹjẹrẹ tó ti wọlé sísàlẹ̀ awọ, ẹ̀ ń bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ báyìí. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́ nínú èsì yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ kú oríire, Bọ̀dá Àkànbí. Nítorí gbólóhùn etí yẹn ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ padà lọ ní nǹkan bí oṣù 6, kí wọ́n wo àpá náà. Tádáwà yẹn ló máa fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Bí ó bá tún hù, kékeré ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á sì yọ ọ́ bákan náà. Bó bá mọ́, ìlànà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n tún wò ó ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n sì tún wò ó ní ọdún 3 lẹ́yìn èyí. Ẹni tó jẹ́ pé adenoma kékeré kan tàbí méjì péré ló ní, ní Amẹ́ríkà wọ́n ń fún un tó ọdún 7 sí 10. Ẹ má fi ọjọ́ rẹ̀ wé ti yín.

Àwọn tí kì í padà wá ló ń bà mí nínú jẹ́ jù níbi iṣẹ́ mi. Ara ti yá wọn, kò sì síbi tó ń dùn wọ́n, wọ́n á gbàgbé. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú fóònù yín lónìí, kí ẹ sì fún ìyàwó yín náà.

Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ irú kílíìpù náà sí. Kílíìpù máa ń já fúnra rẹ̀, á bá ìgbẹ́ jáde láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ṣe MRI fún yín, ìyẹn yíya àwòrán inú ara pẹ̀lú mágnẹ́ẹ̀tì, kó tó já, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́
Bọ̀dá Àkànbí, ẹ bá àwọn ẹbí yín sọ̀rọ̀. Ilé tèmi, FAP la ní, àrùn pólípù tí wọ́n ń jogún. Inú jíìnì tí wọ́n ń pè ní APC ló wà. Bí òbí kan bá ní in, ìdajì ìdajì ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Pólípù ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló máa ń hù látìgbà èwe, a sì ti ń yẹ àwọn ọmọ wa wò kí wọ́n tó pé ọdún 15. Tiyín kò jọ ọ́, mẹ́ta péré lẹ ní. Ẹni tó bá ti ní ju 10 lọ kó béèrè àyẹ̀wò jíìnì. Síbẹ̀, pólípù tó tó mìlímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kan àwọn ọmọ ìyá yín àti àwọn ọmọ yín. Bí ẹ ò bá tíì pé 60, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ colonoscopy ní 40, tàbí nígbà tó bá ku ọdún 10 kí wọ́n tó ọjọ́ orí tí wọ́n fi rí tiyín, èyí tó bá yá jù, kí wọ́n sì máa ṣe é lọ́dún márùn-ún márùn-ún.

Àkànbí
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbọ́, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ẹ̀rọ bọ òun nídìí láyé. Ẹni 58 ọdún ni. Báwo ni kí n ṣe bá a sọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ má bá wọn jà, ẹ̀gbọ́n yín ni. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Ìbejì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí Ìyá Ìbejì bá gbà, obìnrin á gbọ́ èdè obìnrin. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe FIT, èyí tó jẹ́ pé ìgbẹ́ díẹ̀ ni wọ́n á mú lọ sí lábù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí wà nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni kí wọ́n máa ṣe é. Kò tó colonoscopy fún ẹni tí àbúrò rẹ̀ ti ní irú tiyín, pólípù tí kò ṣẹ̀jẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó sàn fíìfíì ju kí wọ́n má ṣe nǹkan kan lọ. Kí ẹ sì ti bá wọn ṣàdéhùn kí wọ́n tó ṣe é pé bí FIT bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, colonoscopy ló kàn, kò sí pé wọ́n ń tún FIT ṣe bóyá á yí padà.

Ìyá Ìbejì
Mo gbà. Bọ̀dá, ẹ fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí wọn, mo ti fi í sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ yín. Kí wọ́n pè mí nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ìbejì bá ti sùn.